Ẹ̀yin Ọlọ́kọ̀, Ẹ Má Fi Jíìpù Yín Sílẹ̀ Fún Mẹkáníìkì Nìkan

Àwọn àgbà ló ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ọ̀rọ̀ yìí la fẹ́ fi bá ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tí ẹ ní jíìpù ní Òkèlúsè, Ìfọ́n, Ọ̀wọ̀ àti agbègbè wọn sọ̀rọ̀ lónìí.

Ẹni tó bá ní ọkọ̀ ní abúlé mọ̀ pé ọkọ̀ náà kì í ṣe tòun nìkan. Bí aboyún bá ń rọbí lóru, ẹnu ọ̀nà ọlọ́kọ̀ làwọn ará àdúgbò máa ń sá lọ. Láti Òkèlúsè dé ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà nílùú Ọ̀wọ̀ kì í ṣe ìrìn kékeré. Bí jíìpù bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ lóru ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀mí lè lọ sí i.

Tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn jíìpù wa. Àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká lábẹ́ àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé sọ lọ́dún 2020 pé mílíọ̀nù mẹ́rìnlá ọkọ̀ àlòkù ló kúrò ní Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà láàárín ọdún 2015 sí 2018, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wá sí Áfíríkà. Ẹ tún rántí pé máìlì ni aago ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá ń kà, kì í ṣe kìlómítà. Bí ẹ bá rí 120,000 lójú rẹ̀, ọkọ̀ náà ti rin ohun tó lé ní 190,000 kìlómítà kó tó di tiyín.

Ojú ọ̀nà wa kọ́ ló sì yẹ kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti dákú. A ò tíì gbàgbé ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kọkànlá ọdún 2020, táwọn agbébọn pa Olúfọ́n ti Ìfọ́n, Ọba Israel Adéùsì, ní Ẹlẹ́gbẹ́ka, nígbà tí kábíyèsí ń bọ̀ láti Àkúrẹ́. Láti ìgbà tí ìjọba sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí náírà náà tún já wálẹ̀, owó ẹ̀yà ara ọkọ̀ ti kọjá àfẹnusọ.

Èrò wa ni pé iṣẹ́ kan wà tí ọlọ́kọ̀ lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Láàárọ̀, kí ẹ tó ṣíná sí i, ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, kí ẹ wò ó bóyá ó ti lọ sílẹ̀. Ẹ wo omi rèdíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù. Ẹni tó bá ṣí i nígbà tó gbóná, omi náà lè bó o lójú. Eruku pupa ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn máa ń dí fílítà afẹ́fẹ́, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lára táyà kí ẹ tó rà á: 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é.

Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì fúnra yín, ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Ẹ má sì da ọ́ìlì tó ti dúdú sẹ́bàá kànga tàbí odò.

A ò ní kí ẹ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mẹkáníìkì o. Iṣẹ́ bíréèkì, jíà àti bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì, tiwọn ni. Ṣùgbọ́n ọlọ́kọ̀ ló yẹ kó mọ ìgbà tí àkókò tó. Bí àpẹẹrẹ, Toyota Highlander ọdún 2004 sí 2007 tó ní ẹ́ńjìnnì V6 ń lo bẹ́líìtì tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ní kí wọ́n pààrọ̀ bó bá rin 90,000 máìlì. Èló nínú wa ló ti béèrè bóyá wọ́n ti pààrọ̀ tiwa?

Nítorí náà, ẹ ra ìwé kékeré kan sínú ọkọ̀. Àgbẹ̀ tó ń kọ iye kòkó tó tà sílẹ̀ kò ní í ṣàì lè kọ ọjọ́ tó pààrọ̀ ọ́ìlì àti iye tó wà lójú aago. Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń fi jíìpù ránṣẹ́ láti òkè òkun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìwé ìtọ́jú rẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Kí ìjọba náà tún ọ̀nà wa ṣe, kí wọ́n sì fi ẹ̀ṣọ́ sí i, nítorí kò sí ìtọ́jú tí jíìpù lè rí tí kòtò ò ní í bà jẹ́.

Ẹ má dúró dìgbà tí ọkọ̀ bá kọṣẹ́ lóru kí ẹ tó ṣí iwájú rẹ̀ wò.