Onílé Ni Kí Òfin Bi Léèrè, Kì í Ṣe Akẹ́kọ̀ọ́

Nígbà tí a lọ fún ìsinmi àárín táàmù, iṣẹ́ kan bọ́ sí mi lọ́wọ́ nílé tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Bàámi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onílé ní àdúgbò wa ní Gwagwalada. Wọ́n ní kí n bá àwọn tẹ lẹ́tà kan sórí kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà náà dá lórí ilé kan ní òpópónà wa. Ilé oníyàrá mẹ́rin ni tẹ́lẹ̀, ìdílé kan ló ń gbé ibẹ̀. Onílé wá kó lọ sí ìlú mìíràn, ó pín in sí yàrá mọ́kànlá, ó sì fi háyà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì.

Ẹ̀sùn inú lẹ́tà náà pọ̀: ariwo jẹnẹrétọ̀ lóru, omi sókáwéè tó ń ṣàn sójú títì, ọ̀kadà tó ń wọlé ní aago méjìlá òru, àti ìbẹ̀rù pé ẹgbẹ́ òkùnkùn lè wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n fi parí rẹ̀ ni pé kí wọ́n lé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ náà jáde. Mo tẹ̀ ẹ́, mo fi lé wọn lọ́wọ́.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pe Màámi láti Ìlọrin, tó ń sunkún. Yunifásítì ti gbà á wọlé, kò rí ààyè ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ájẹ́ǹtì sì sọ fún un pé àwọn onílé òpópónà tó fẹ́ kò gba akẹ́kọ̀ọ́. Bàámi gba fóònù, wọ́n ní: "Kí ló dé tí wọn ò ní gba akẹ́kọ̀ọ́? Ṣé ọmọ mi jọ ọ̀daràn ni?" Mo wo lẹ́tà tó wà lórí tábìlì. Mi ò lè sọ̀rọ̀. Ṣebí ẹ mọ bí ilé Yorùbá ṣe rí.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ẹ̀sùn wọn kì í ṣe irọ́. Òórùn sókáwéè yẹn, èmi náà gbọ́ ọ. Abuja kì í sì í ṣe ìlú tí a kàn ń kọ́lé sí bó ṣe wù wá. Òfin ètò ìlú tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1992 sọ pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé, tàbí tó bá fẹ́ yí ìlò ilẹ̀ padà gidi, gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Nígbà tí Nasir El-Rufai jẹ́ mínísítà, láàárín 2003 sí 2007, wọ́n lé ọ́fíìsì kúrò nínú ọ̀pọ̀ ilé ìgbé. Ní 2025, ìjọba FCT tún ní kí àwọn onílé ní òpópónà bíi Gana Street ní Maitama wá sanwó, kí wọ́n sì yí ìwé ilẹ̀ wọn padà láti ilé ìgbé sí ilé ìṣòwò.

Ta ni òfin wọ̀nyí ń bá wí? Onílé ni. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ló pín yàrá mẹ́rin sí mọ́kànlá. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ló fi sókáwéè ìdílé kan sílẹ̀ fún ogún ènìyàn. Síbẹ̀, nínú lẹ́tà tí mo tẹ̀, orúkọ onílé ò sí níbẹ̀ rárá! Òun àti Bàámi jọ wà nínú ẹgbẹ́ onílé kan náà ni.

Ti ẹgbẹ́ òkùnkùn ńkọ́? Ẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ní 1952, Wọlé Ṣóyínká àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́fà dá ẹgbẹ́ Pyrates sílẹ̀ ní Ìbàdàn, wọn ò sì dá a sílẹ̀ fún ìpànìyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì di ti ìpayín-keke. Ní ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 1999, wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún ní OAU, Ilé-Ifẹ̀, tí George Iwilade, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, wà lára wọn. Inú họ́sítẹ́ẹ̀lì yunifásítì ni o, kì í ṣe àdúgbò. Lójú tèmi, ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde ni ẹgbẹ́ òkùnkùn ń fẹ́. Tí a bá lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí, irú ibẹ̀ gan-an ni wọ́n máa sá lọ.

Ẹ jẹ́ ká rántí pé wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ sí àwọn èèyàn wa rí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú tó wà ní London láyé àwọn bàbá ńlá wa kì í rí yàrá, torí onílé ò gbà wọ́n. Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, tó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ WASU sílẹ̀ ní 1925, rìn káàkiri Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà láti wá owó. Ní 1933, wọ́n ṣí ilé akẹ́kọ̀ọ́ tiwọn ní Camden Road. Ní England lónìí, tí èèyàn márùn-ún tí wọn kì í ṣe ìdílé kan bá ń pín ilé ìdáná tàbí ilé ìwẹ̀ lò, onílé ló gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Ìwé náà máa ń sọ iye èèyàn tó lè gbé ibẹ̀.

Irú èyí ni mo fẹ́ fún Gwagwalada. Kí onílé gba ìwé àṣẹ tó sọ iye akẹ́kọ̀ọ́, sókáwéè tó tó wọn, àti ọ̀nà méjì tí wọ́n lè gbà jáde tí iná bá ṣẹ́ yọ. Kí àgbàlagbà kan máa gbé inú ọgbà náà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Onílé tó bá kọ̀, òun ni kí wọ́n bu owó ìtanràn lé. Kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn ọmọ náà parí ọdún ẹ̀kọ́ wọn kí wọ́n tó kó jáde. Àwọn kan á ní owó ìwé yẹn á bọ́ sórí akẹ́kọ̀ọ́. Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí kò fi gbọdọ̀ wọ́n.

Ẹ wo àwa fúnra wa. A pọ̀ nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì wa ju àwọn tó wà nínú ilé yẹn lọ, àdúgbò ò sì bẹ̀rù wa. Wọ́n ń pe orúkọ wa láràárọ̀ àti lálaalẹ́ ni, àlàyé ò pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ ìbẹ̀wò tó kọjá, mo rọra sọ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí fún Bàámi. Wọ́n dákẹ́ títí. Wọ́n wá ní, "Lẹ́tà yẹn ò tíì lọ." Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n tún un tẹ̀, kí orúkọ onílé wà níbẹ̀. Wọn ò tíì dá mi lóhùn.

Èrò tèmi nìyẹn o. Ẹni tí kò bá gbà, kó kọ tirẹ̀ fún wa.