Gẹ̀ẹ́sì Tí A Fi Ń Kọ Ìwé Iṣẹ́ Kì í Ṣe Èdè Kèfèrí

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ kan ń dùn wá lọ́kàn. Nínú àwọn ọmọ wa tí ó wà ní yunifásítì, pàápàá àwọn tí ó gba ilé kéú kọjá, a rí àwọn tí ó ka ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ń kọ ìwé iṣẹ́ àti ìwé òwò sí ohun yẹpẹrẹ. Àwọn kan ní èdè kèfèrí ni. Àwọn mìíràn kò sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á há ìwé olùkọ́ sórí, wọ́n á yege, wọ́n á sì gbàgbé rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó yí po.

Ìbẹ̀rù èdè yìí ní ìdí láyé àtijọ́. Ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì ni ilé-ẹ̀kọ́ wà, àwọn bàbá wa kò sì fẹ́ kí wọ́n fi ìwé gba ẹ̀sìn lọ́wọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n wọn kò dúró síbẹ̀. Ní ọdún 1896 ni ìjọba ṣí ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn Mùsùlùmí ní Èkó. Ní ọdún 1923, ní Èkó kan náà, wọ́n dá ẹgbẹ́ Ansar-ud-Deen sílẹ̀, kí ọmọ Mùsùlùmí lè mọ ìwé láì pàdánù ìmọ̀le rẹ̀. Ogun tí wọ́n ti jà tán ni àwọn kan nínú yín tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Bí a bá padà sí orísun ẹ̀sìn, kí ni a óò rí? Ànábì wa pàṣẹ fún Zayd ọmọ Thābit pé kí ó lọ kọ́ ìwé àwọn Yahúdì, nítorí pé kò fọkàn tán wọn lórí lẹ́tà rẹ̀. Hádíìsì náà wà nínú àkójọ Tirmidhī àti ti Abū Dāwūd. Kò tó ìdajì oṣù tí Zayd fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tí Ànábì sì fẹ́ kọ̀wé sí àwọn ọba, wọ́n sọ fún un pé wọn kì í ka ìwé tí kò ní èdìdì. Kò ní àṣà kèfèrí ni. Ó ṣe òrùka fàdákà, wọ́n sì fín orúkọ rẹ̀ sí i. Ohun tí olùkọ́ yín ń kọ́ yín kò ju èyí lọ: kí ẹ mọ ohun tí ẹni tí ẹ ń kọ̀wé sí ń wò kí ó tó kà á.

Ẹ tún wo lẹ́tà Ànábì Sulaimọ́nù sí ọbabìnrin Sábà nínú Súrà An-Naml. Orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́, orúkọ Ọlọ́hun, àti ohun tí ó ń fẹ́. Ó parí. Ọbabìnrin náà pè é ní ìwé alápọ̀n-ọ́nlé, ó sì bi àwọn ìjòyè rẹ̀ ní ìmọ̀ràn lórí rẹ̀.

Èmi tí mo ń kọ èyí ti jẹ̀bi rí. Lárúbáwá mi já gaara nígbà tí mo dé yunifásítì, mo sì rò pé ó tó. Lẹ́yìn tí mo gboyè, jáámù wa ní kí n kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìjọba kan fún ilẹ̀ ìsìnkú. Mo kọ ojú ewé mẹ́ta. Ìkíni àti àdúà gba ojú ewé kan ààbọ̀, ìyìn gba ìyókù. Ìlà méjì ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo ti dárúkọ ilẹ̀. N kò sọ bí ó ti fẹ̀ tó, n kò sọ ibi tí ó wà. Oṣù mẹ́jọ kọjá, a kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí a lọ bèèrè, àárín àwọn ìwé ìkíni ọdún ni wọ́n ti fà á yọ: wọ́n rò pé a kàn kí wọn kú ọdún Iléyá ni. Kí a tó tún un kọ, àwọn ẹlòmíràn ti gba ilẹ̀ náà. Títí di òní, ọ̀nà jíjìn ni a ń gbé òkú wa lọ.

A máa ń sọ pé nítorí orúkọ wa ni wọn kò ṣe gbà wá síṣẹ́. A kò sọ pé ìrẹ́jẹ kò sí. Ó wà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ń gbé ìwé ìbéèrè iṣẹ́ wá kí n ṣe onígbọ̀wọ́ wọn, mo sì ti rí èyí tí kò dárúkọ iṣẹ́ tí ó ń bèèrè rárá. Ta ni a óò fi ẹ̀sùn èyí kàn?

Ẹnìkan yóò ní àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kọ dáadáa náà ni ó ń fi í-méèlì lu jìbìtì. Òótọ́ ni, ó sì ń tì wá lójú. Síbẹ̀, áyà tí ó gùn jù nínú Al-Kùránì, ìkejìlélọ́gọ́rin lé ní igba nínú Súrà Al-Baqarah, lórí kíkọ gbèsè sílẹ̀ ni ó dá lé: kí akọ̀wé kọ ọ́ pẹ̀lú òdodo, kí a má sì káàárẹ̀ láti kọ ọ́, ìbáà kéré, ìbáà pọ̀. Ní Nàìjíríà lónìí, Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn báńkì àti ti kóòtù. Bí olùbẹ̀rù Ọlọ́hun kò bá mọ̀ ọ́n, ta ni yóò bá ìyá rẹ̀ ka ìwé kí ó tó tẹ̀ka?

Nítorí náà, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lẹ́yìn ìrun Aláásárì ọjọ́ Sátidé. Kí àwọn arákùnrin àti arábìnrin wa tí ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì wá kọ́ àwọn ọmọ bí a ti ń kọ lẹ́tà, àkọsílẹ̀ ìpàdé àti ìròyìn iṣẹ́. Kéú kò ní dúró nítorí rẹ̀. Èmi náà yóò mú ẹ̀dà lẹ́tà olójú ewé mẹ́ta yẹn wá. Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi.