Ẹnu Ọ̀nà Yunifásítì àti Ọmọ Àtìpó

Ní ọdún 2025, àwọn ọmọ tí iye wọn sún mọ́ 2 mílíọ̀nù ni wọ́n jókòó ṣe ìdánwò ìwọlé tí àjọ JAMB ń ṣètò. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni kò gba 200 nínú 400 máàkì. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn yunifásítì tí gbogbo ènìyàn ń dù láti wọ̀, irú ti Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Èkó, kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí kò bá dé 200. Bí ọ̀rọ̀ bá mọ síbẹ̀, ìmọ̀ràn tí ó yẹ kò ju pé kí ọmọ kálukú tẹra mọ́ ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò mọ síbẹ̀. Ìbéèrè kan ṣì wà lẹ́yìn máàkì tí ìwé kíkà kò lè dáhùn: ìpínlẹ̀ wo ni baba rẹ ti wá?

Ìlànà Ìjọba Àpapọ̀ ni pé bí yunifásítì rẹ̀ kan bá ní àyè 100, 45 jẹ́ ti àwọn tí máàkì wọn ga jù lọ, láìbéèrè ibi tí wọ́n ti wá; 35 jẹ́ ti àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ tí ó yí ilé-ẹ̀kọ́ náà ká; 20 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba kà sí pé ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀ tó níbẹ̀. Èrò tí ó wà nídìí ìlànà yìí kò burú. Ìwọ̀-Oòrùn ti ń jẹ ànfààní ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ láti ọdún 1955, nítorí náà nígbà tí wọ́n dá JAMB sílẹ̀ ní 1978, gbogbo ẹ̀yà kọ́ ni ẹsẹ̀ wọn dọ́gba lórí ìlà. Àwọn Yorùbá Kwara àti Kogi pàápàá wà lára àwọn tí ń jẹ nínú ìpín 20 yìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé nítorí àti fi ìyà jẹ Yorùbá ni wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀.

Ẹni tí ìlànà náà gbàgbé ni ọmọ àtìpó, pàápàá ọmọ àtìpó tí kò lówó lọ́wọ́.

Ẹ wo ọmọ aránṣọ kan ní Sabon Gari ní Kánò. Kánò ni wọ́n bí baba rẹ̀ sí, ibẹ̀ ni wọ́n bí òun náà sí, ó sì ń sọ èdè Hausa bí ẹni ń mu omi. Orí bẹ́ǹṣì kan náà ni òun àti ọmọ onílẹ̀ jókòó sí láti kíláàsì kìíní. Olùkọ́ kan náà ni ó kọ́ wọn. Bí ìwé kò bá tó, kò tó fún àwọn méjèèjì. Nígbà tí wọ́n jọ ń wá àyè sí Yunifásítì Bayero, ilẹ̀kùn mẹ́ta ni ó wà níwájú ọmọ onílẹ̀. Nítorí pé fọ́ọ̀mù ọmọ aránṣọ sọ pé Ìpínlẹ̀ Ògùn ni ìdílé rẹ̀ ti ṣẹ̀, kò sí ju ilẹ̀kùn kan ṣoṣo lọ fún un, èyí tí ó há jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà; ọ̀nà kan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un.

Wọn yóò ní kí ó padà sílé. Ilé wo? Ní káńsù tí yóò ti gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀, àfi kí ó máa ka orúkọ agbo ilé tí kò gbé rí fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Àwọn tí yóò sì bá du àyè lọ́hùn-ún ni àwọn ọmọ tí òbí wọn ń sanwó olùkọ́ wá sílé. Bí ó bá tilẹ̀ wọlé, owó mọ́tò, owó ilé àti owó oúnjẹ ń dúró dè é ní ìlú tí kò ní ẹbí kan tí yóò gbà á sílé. Ọmọ olówó tí ó jẹ́ àtìpó yóò wọ ọkọ̀ lọ láìwẹ̀yìn. Ta ni yóò wá dá aránṣọ lẹ́bi bí ó bá fa abẹ́rẹ́ lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́?

Ìjọba yẹ fún oríyìn lórí òfin owó yíyá fún akẹ́kọ̀ọ́ tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Kò ní èlé, kò béèrè onídùúró, ọmọ ìpínlẹ̀ yòówù ni ó lè gbà á. Ẹ̀yìn ọdún méjì tí akẹ́kọ̀ọ́ bá parí ìsìn agùnbánirọ̀ ni sísan rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti wọlé ni owó náà wà fún. Kò lè ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tí ó wà níta.

Òfin-ìpìlẹ̀ ọdún 1999, ní abala 15, ní kí ìjọba rí i pé ọmọ orílẹ̀-èdè ní ẹ̀tọ́ kíkún láti gbé ibikíbi; abala 18 sọ̀rọ̀ nípa ànfààní ẹ̀kọ́ tí ó dọ́gba. Ohun tí ó bá a mu ni pé kí wọ́n ka ọmọ mọ́ ìpínlẹ̀ tí ó ti ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama. Ìwé ẹ̀rí ilé-ìwé rẹ̀ tó láti fi hàn. Ọmọ Hausa tí wọ́n tọ́ ní Sábó Ìbàdàn yóò jẹ nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ Yorùbá tí wọ́n tọ́ ní Kánò.

Títí di ìgbà náà, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Ní 1938, Ẹgbẹ́ Ìbíbíò dá owó jọ, wọ́n sì rán ọ̀dọ́ mẹ́fà lọ kàwé ní òkè òkun. Ẹgbẹ́ Yorùbá tí ń dá aṣọ ọdún ní Kánò, Kàdúná tàbí Jọ́ọ̀sì kò tòṣì ju wọn lọ. Bí ẹgbẹ́ bá lè wá ilé kan sílẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí Èkó tí ọmọ márùn-ún lè máa gbé láìsanwó, ẹrù tí ó wúwo jù ti kúrò lórí òbí márùn-ún. Fọ́ọ̀mù JAMB kì í sì í pẹ́ níta. Ìpàdé tí ó kàn ni kí wọ́n ti mú orúkọ àwọn ọmọ tí ó wà ní kíláàsì àṣekágbá wá.