Ẹ Wo Èéfín Ilé Kí Ẹ Tó Fẹ̀sùn Kan Ará Ilé

Ọ̀rọ̀ èémí ni mo gbé wá lónìí.

Àwọn àgbà kọ́ wa pé nígbà tí Ọbàtálá mọ ara ènìyàn tán, ṣe ni ara náà sùn sílẹ̀ gbalaja bí amọ̀. Olódùmarè ló fi ẹ̀mí sí i kó tó dìde. Ẹ sì wo bí èdè wa ti so ọ̀rọ̀ náà pọ̀: à ń mí, a ní èémí, a ní ẹ̀mí. Ẹni tí kò bá rí èémí mí dáadáa, ẹ̀mí rẹ̀ ló ń dín kù. Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ máa ń mí tó ìgbà méjìlá sí ogún láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn ju ìgbà 17,000 lọ láàárín ọ̀sán àti òru. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré là ń jẹun lóòjọ́, síbẹ̀ oúnjẹ nìkan la máa ń bẹ̀rù pé ẹnìkan lè fi májèlé sí.

Ọ̀pọ̀ tó ń wá sọ́dọ̀ àwa babaláwo, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ. Ikọ́ ò lọ, àyà ń há, orí ń fọ́ láàárọ̀, wọn ò lè gun àtẹ̀gùn kí wọ́n má mí hẹlẹ. Kí ọ̀pẹ̀lẹ̀ tó kan ẹní ni wọ́n ti dárúkọ ẹni tó ń ṣe wọ́n: ìyá ọkọ, ìyáálé, àbúrò bàbá. Mi ò sọ pé ayé ò sí o. Babaláwo tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kì í ṣe gbogbo ikọ́ ni ayé fi ránṣẹ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù wá bá mi. Ó ní tẹ́lẹ̀, òun a máa sáré fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú láìsinmi, ṣùgbọ́n báyìí, kí ìlàjì tó pé ni èémí òun ti ń tán. Wọ́n ti sọ fún un níbòmíràn pé àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ló so ó lẹ́sẹ̀, kò sì kí màmá náà mọ́. Mo dá Ifá fún un, Ifá yan ẹbọ, ó rú u. Lẹ́yìn náà mo bi í pé, "Níbo lo ń sùn? Níbo lo ti ń sáré?" Yàrá olójú fèrèsé kan ló ń gbé, jẹnẹrétọ̀ ará ilé mẹ́ta sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti agogo méje alẹ́ títí di ọ̀gànjọ́. Ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀ ló ti ń sáré nírọ̀lẹ́, nígbà tí tírélà ń tú èéfín dúdú jáde. Mo ní kó yí ibùsùn padà, kó máa lọ sáré lórí pápá ilé ìwé ní ìdájí. Kò pé oṣù mẹ́rin tó fi padà sórí pápá ìdíje. Màmá tí wọ́n fẹ̀sùn kàn wà láyé, ó ti tún ń kí i báyìí. Ká ní ó ti lu màmá yẹn ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó wà nínú èéfín yìí. Àkọ́kọ́ ni afẹ́fẹ́ olóró kan tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ẹ̀jẹ̀ a máa gbá a mú ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní igba. Ó dà bí alábàárù tí wọ́n ti di ẹrù olóró lé lórí: tí ẹrù tó ṣàǹfààní bá dé, kò sí àyè mọ́. Òun ló ń pa tọkọtaya àtọmọ sójú oorun, tí àwọn kan á sì máa wá ẹni tó fi wọ́n ṣe ètùtù kiri.

Ìkejì ni ẹ̀gúdú èéfín tó kéré débi pé nǹkan bí ọgbọ̀n wọn ló máa tò kó tó fẹ̀ tó irun orí kan. Irun imú ò lè dá a dúró. Ó ń gba inú ẹ̀dọ̀fóró wọnú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń fa àrùn ọkàn, àrùn rọpárọsẹ̀ àti òtútù àyà àwọn ọmọdé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nǹkan bí ènìyàn mílíọ̀nù 3.2 ni èéfín inú ilé pa lọ́dún 2020 nìkan.

Ẹni tó ń sáré tàbí tó ń jó tún wà nínú ewu jù, torí ó ń fa afẹ́fẹ́ ní ìlọ́po mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹnu ló sì fi ń fà á. Haile Gebrselassie, ọmọ Ethiopia tó mú ipò kìíní lágbàáyé nínú eré ìje marathon nígbà náà, kọ̀ láti sá marathon ní Beijing lọ́dún 2008 nítorí afẹ́fẹ́ ìlú náà, torí ó ní àìsàn àsímà. Eré 10,000 mítà ló sá dípò rẹ̀. Kò ní ayé ló ń bá òun jà.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ilé àwa onísẹ̀ṣe. Ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá, àwọn apẹ̀tẹ̀bí wa ń fi igi tútù dáná nínú ilé ìdáná tí kò ní fèrèsé. Àwọn kan nínú wa ń jó oògùn nínú yàrá tí ọmọ ń sùn. Nígbà ọdún òrìṣà, a ń gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn ojúbọ nítorí gbohùngbohùn, ẹlẹ́gùn Ṣàngó á sì máa jó bàtá nínú èéfín. Bí ọdún bá parí, a kó ọ̀rá omi jọ, a dáná sun ún. Ewé Ọ̀sanyìn tí a já létí títì, ẹ̀gúdú ti bò ó. Ẹni tó ń bọ Ọya, tó wá ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́, kí ló ń bọ gan-an?

Àwọn baba wa kò ṣe báyìí. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń dáná sí, ẹ̀yìn ìlú ni ààtàn wà, wọn kì í sì gé igbó òrìṣà. Nítorí èèwọ̀ yẹn ni igbó Ọ̀ṣun ṣe ṣì wà ní Òṣogbo, tó tó hẹ́kítà 75, tí UNESCO fi sínú ogún àgbáyé lọ́dún 2005. Ibẹ̀ tutù, ibẹ̀ ṣeé mí. Àwọn tó ń gé igbó òrìṣà tà fún onílé lónìí, èémí ìlú ni wọ́n ń tà.

Ẹlòmíràn á ní, "Baba, iná ọba ò sí, gáàsì wọ́n." Òtítọ́ ni, ìjọba ló sì yẹ ká bi léèrè. Ṣùgbọ́n kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé, kó má wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ rárá, kò gba owó ìjọba. Kí a sá igi gbẹ kí a tó fi dáná, kí a má sun ọ̀rá, kí a bo imú nígbà ọyẹ́, agbára wa ká a.

Ẹ̀yin awo ẹgbẹ́ mi, kí ẹ tó dárúkọ ẹnikẹ́ni fún ẹni tó ń wúkọ́, ẹ bi í ní ibi tó ń sùn àti ohun tó ń jó nítòsí rẹ̀. Ẹbọ tí a rú, tí èéfín ṣì ń wọlé lójú fèrèsé, ṣe la ń bu omi sínú ajere.

Olódùmarè kò ní jẹ́ kí èémí wa dí. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.