Ojú Fóònù Fọ́ ní Ayétòrò: Ta Ni Àṣẹ Àtúnṣe Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀?

Bí ojú fóònù bá fọ́ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ ní Ayétòrò-Èkìtì, ó lè máa lò ó bẹ́ẹ̀, kí gíláàsì máa ha á ní ìka. Ó lè wọ ọkọ̀ lọ sí Ìdó tàbí Adó-Èkìtì, kí ó gbé e fún àwọn tí à ń pè ní ẹnjiníà. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ kan wà tí wọn kì í ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì: wọ́n á ra ojú tuntun, wọ́n á wo fídíò lórí YouTube, wọ́n á sì jókòó ti tábìlì nínú ilé láti pààrọ̀ rẹ̀ fúnra wọn. Àwọn àgbà a máa pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní alágídí, àwọn mìíràn a ní ahun ni. Èmi kò bá wọn gbà á bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ọmọ náà wà lórí ẹ̀tọ́ rẹ̀. Àwọn tí ó ṣe fóònù tà fún un ni kò jẹ́ kí ẹ̀tọ́ náà rọrùn láti lò.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti owó nìkan. Fóònù tí à ń gbé kiri lónìí ti kúrò ní ẹ̀rọ ìpè lásán. Inú rẹ̀ ni owó wa tí ó wà ní báńkì ti ń jáde, inú rẹ̀ ni nọ́ḿbà tí a so mọ́ BVN àti NIN wà, inú rẹ̀ náà ni àwòrán àwọn ọmọ àti ọ̀rọ̀ tọkọtaya wà. Bí a bá gbé e fún ẹni tí yóò tún un ṣe, ohun tí púpọ̀ nínú wọn máa ń béèrè ni nọ́ḿbà ìkọ̀kọ̀ tí a fi ń ṣí i, kí wọ́n lè dán ojú tuntun wò. Lóòótọ́, ó yẹ kí wọ́n dán an wò, ṣùgbọ́n ìṣojú ẹni tí ó ni ín ni ó yẹ kí ó ti wáyé. Ní ọdún 2022, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Guelph ní Kánádà gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká fún àwọn ilé ìtúnṣe, lẹ́yìn tí wọ́n ti dọ́gbọ́n fi ohun tí yóò máa ṣàkọsílẹ̀ gbogbo ìgbésẹ̀ sínú rẹ̀. Ní ibi mẹ́fà, àwọn tí ń tún un ṣe tú ohun ìkọ̀kọ̀ onílé wò. Ní méjì nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n tilẹ̀ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú ẹ̀rọ tiwọn. N kò sọ èyí láti ba àwọn ẹnjiníà wa lórúkọ jẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ olóòótọ́, iṣẹ́ náà ni wọ́n sì fi ń tọ́ ọmọ. Ohun tí mo ń wí ni pé ẹni tí kò bá fẹ́ kí fóònù òun kúrò lójú òun kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kò le tó bí wọ́n ṣe ń fi í dẹ́rù bani, kò sì rọrùn tó bí fídíò ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣe ń fi í hàn. Nínú ọ̀pọ̀ fóònù òde òní, gíláàsì òkè àti ibi tí àwòrán ti ń hàn ti lẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan, nítorí náà odidi ojú ni à ń pààrọ̀. Àwọn kan ń ṣí láti iwájú, àwọn mìíràn láti ẹ̀yìn. Kí ènìyàn wá fídíò irú fóònù tirẹ̀ gan-an. Gọ́ọ̀mù ni ó dè é mọ́ férémù. Ooru wọ́ọ́rọ́wọ́ láti inú ẹ̀rọ tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun ni ó ń mú gọ́ọ̀mù náà rọ̀, kì í ṣe iná àbẹ́là. Ṣáájú èyí, a ó ti pa fóònù náà, a ó ti yọ síìmù rẹ̀, a ó sì ti lẹ sẹ́lótéèpù bo ojú tí ó fọ́ kí eérún gíláàsì má baà fò wọ ẹyinjú. Ike pẹlẹbẹ ni a fi ń ká etí rẹ̀, kì í ṣe ọ̀bẹ. Bí ó bá ti ṣí, okùn bátìrì ni a ó kọ́kọ́ yọ kí a tó fọwọ́ kan ohun mìíràn.

Síkúrù inú rẹ̀ kò gùn dọ́gba. Bí a bá fi èyí tí ó gùn sínú ihò èyí tí ó kúrú, ó lè gún bọ́ọ̀dù, fóònù náà a sì kú pátápátá. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ máa ń ya àwòrán fóònù sórí bébà, wọ́n á sì to síkúrù kọ̀ọ̀kan sí ibi tí wọ́n ti yọ ọ́. Ojú tuntun, ẹ so okùn rẹ̀, ẹ tan fóònù, kí ẹ fi ìka ra gbogbo igun rẹ̀ kí ẹ tó fi gọ́ọ̀mù kàn án, nítorí ojú tí a bá ti lẹ̀, ọlọ́jà kì í fẹ́ gbà á padà. Ṣùgbọ́n bátìrì ni kí á bẹ̀rù jù lọ. Bí irin bá gún un, tàbí tí a bá tẹ̀ ẹ́ kọ, ó lè gbiná lójijì. Èyí tí ó bá ti wú tẹ́lẹ̀, kí ènìyàn gbé e fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn baba wa ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. N kò rí iṣẹ́ tí òwe náà bá mu ju èyí lọ. Fóònù tí kì í jẹ́ kí omi wọlé tẹ́lẹ̀, bí a bá ti ṣí i nínú ilé, kí á má tún gbẹ́kẹ̀ lé e lábẹ́ òjò mọ́.

Ibi tí wàhálà gidi wà ni ojú tuntun tí a fẹ́ rà. Bí ènìyàn tilẹ̀ lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, tí gbogbo ayé mọ̀, ohun tí wọ́n ń pè ní ojúlówó níbẹ̀ kì í ṣe ẹyọ ọ̀kan. Àwọn kan jẹ́ àfarawé láti ilé iṣẹ́ mìíràn. Àwọn kan, ara fóònù àlòkù ni wọ́n ti tú wọn. Àwọn mìíràn jẹ́ gíláàsì tuntun lórí ojú àtijọ́. Àwọ̀ rẹ̀ lè ṣì, ó lè máa fa iná bátìrì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ibi ìtẹ̀ka tí ó wà lábẹ́ ojú lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Ẹnu ẹni tí ń tà nìkan ni ẹni tí ń rà fi ń mọ ìyàtọ̀. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti tú okùn náírà sílẹ̀ ní ọjà, ohun tí à ń fi dọ́là rà ti gbówó lórí kọjá ohun tí ẹnu ń sọ. Owó oṣù tí ó kéré jù lábẹ́ òfin jẹ́ 70,000 náírà. Àwọn ojú fóònù kan wà tí owó yìí kò lè rà.

Ní òkè òkun, wọ́n ti ń yanjú rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, Apple bẹ̀rẹ̀ sí ta ẹ̀yà ara fóònù àti ìwé ìtọ́nisọ́nà fún ará ìlú ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ń fi irinṣẹ́ yá ènìyàn fún ọ̀sẹ̀ kan ní 49 dọ́là, àpótí méjì tí ó wúwo tó kílò 36! (Bóyá wọ́n fẹ́ kí ọkàn ènìyàn rẹ̀wẹ̀sì ni.) Samsung tẹ̀ lé e ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà. Ní ọdún 2023, Nokia G22 jáde, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí olówó rẹ̀ lè pààrọ̀ ojú àti bátìrì nílé. Èyí fi hàn pé fóònù tí ó ṣòro láti ṣí kì í ṣe àmúwá Ọlọ́run. Ẹni tí ó ṣe é ni ó fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí iPhone 13 ní ọdún 2021: bí ẹlòmíràn bá pààrọ̀ ojú rẹ̀, agbára tí ó fi ń dá ojú olówó rẹ̀ mọ̀ a dákẹ́. Ariwo ta, ilé iṣẹ́ náà sì fi sọ́fítíwíà tú u sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà wá ṣòfin lòdì sí irú ìdè bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2024. Láti ogúnjọ́ oṣù kẹfà ọdún 2025 ni òfin Yúróòpù sì ti sọ ọ́ di dandan pé kí ẹ̀yà ara fóònù wà ní títà fún ọdún 7 lẹ́yìn tí irú fóònù náà bá ti kúrò lórí àtẹ.

Àwa ńkọ́? Ìjerò kò jìnnà sí Ayétòrò. Ilẹ̀ Ìjerò ni wọ́n ti ń wa òkúta tántáláìtì, èyí tí wọ́n ń yọ ohun tí wọ́n fi ń ṣe àwọn ẹ̀yà kéékèèké inú fóònù láti inú rẹ̀. Irú òkúta tí ilẹ̀ wa ń mú jáde wà nínú fóònù, síbẹ̀ ọmọ wa kò lè rí ojúlówó ojú fóònù rà ní tòótọ́. A ní òfin tí ó ń dáàbò bo oníbàárà, ti ọdún 2018, àjọ FCCPC ni ó sì ń mú un ṣẹ. Òfin náà ti sọ pé ẹni tí ó bá ń ta àlòkù tàbí ohun tí a tún ṣe gbọ́dọ̀ fi í hàn gbangba. Kí FCCPC gbé ìyẹn wọ ọjà ojú fóònù. Kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ sì fi abala kan kún un tí yóò dárúkọ ẹ̀yà ara fóònù: ilé iṣẹ́ tí ó bá ń ta fóònù ní Nàìjíríà, kí ó máa ta ojú rẹ̀ àti bátìrì rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ní iye tí a kọ síta, pẹ̀lú ìwé ìtọ́nisọ́nà. Yóò ṣe àwọn ẹnjiníà náà láǹfààní. Àwọn ni oníbàárà ń gbéjà kò bí ojú àfarawé bá kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Ní báyìí ná, ẹni tí ó bá fẹ́ ra ojú fóònù ní Ìdó, ní Ìjerò tàbí ní Àrámọkọ, kí ó béèrè fún ìwé owó tí a kọ irú ojú náà sí: ojúlówó ni, àfarawé ni, tàbí èyí tí a tú lára àlòkù. Bí ọlọ́jà bá kọ̀ láti kọ ọ́ sílẹ̀, ṣọ́ọ̀bù kejì kò jìnnà.