Ilẹ̀ Tó Le Lókè Lè Rọ̀ Nísàlẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan sọ níbí lọ́sẹ̀ tó kọjá ló jẹ́ kí n kọ èyí. Ó ní owó tí àwọn ẹnjiníà ń gbà láti yẹ ilẹ̀ wò, wọ́n kàn ń fi jẹun ni, pé bíríkìlà tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ á mọ ilẹ̀ tó le. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ṣebí sìmẹ́ǹtì àti irin ni mò ń tà ní Ekete níbí, mo rò pé mo mọ̀.

Nígbà tí mo fẹ́ kọ́lé, bíríkìlà gbẹ́ ilẹ̀ dé orúnkún, ó rí ilẹ̀ pupa, ó fi ṣọ́bìrì gbá a, ó ní, "Ọ̀gá, ilẹ̀ yìí le bí àpáta." Ó di ọdún kẹta, lẹ́yìn òjò, ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn ò tì mọ́. Ògiri sán láti igun fèrèsé lọ sókè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n rẹ́ ẹ, ẹ̀ẹ̀mejì ló tún là. Ìgbà tí ẹnjiníà kan wá fi irin gígùn lu ihò la tó rí i pé ilẹ̀ pupa yẹn ò ju mítà méjì lọ. Amọ̀ dúdú ló wà lábẹ́ rẹ̀, èèyàn lè fọwọ́ mọ ọ́n bí ẹ̀bà. Níwájú ilé amọ̀ náà kéré, lẹ́yìn ló pọ̀ sí. Bí gbogbo ilé bá jọ wọlẹ̀ dọ́gba, ògiri lè má sán rárá. Èyí tó wọlẹ̀ ju èkejì lọ ló ń fà á ya.

Ohun tí ẹnjiníà yẹn sọ yà mí lẹ́nu. Ìwúwo ilé kì í dúró níbi tí kọnkéré parí sí, ó ń lọ sísàlẹ̀, ó sì ń fẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ìpìlẹ̀ òpó onígun mẹ́rin tó fẹ̀ ní mítà 1, tá a bá wọlẹ̀ mítà 2, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára rẹ̀ ṣì ń tẹ ilẹ̀. Tó bá fẹ̀ ní mítà 10, ó di mítà 20 kó tó dín kù báyẹn. Ọ̀pọ̀ wa, tí wọ́n bá ti ní ilẹ̀ rọ̀, a ó ní kí wọ́n fẹ ìpìlẹ̀, kí wọ́n ṣe raft. Raft ò burú (ó ń jẹ́ kí n ta irin, ẹ má bá mi jà), ó ń dín ìnira ilẹ̀ òkè kù. Ṣùgbọ́n tí amọ̀ bá wà nísàlẹ̀, fífẹ̀ yẹn gan-an lè gbé ẹrù ilé débẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣírò ìpele ilẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: bó ṣe nípọn, bó ṣe le, ẹrù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n á wá rò ó pọ̀. Iyanrìn ò ní sùúrù, bí ẹ ṣe ń to búlọ́ọ̀kù ló ń wọlẹ̀, ó lè ti parí kí ẹ tó kun ọ̀dà. Amọ̀ ní tirẹ̀, omi inú rẹ̀ ló ń jáde díẹ̀díẹ̀, ó ń gba ọdún.

Òyìnbó náà ti jìyà ẹ̀. Ilé agogo Pisa ní Ítálì, ọdún 1173 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, kò tíì ga púpọ̀ tó ti ń fì. Wọ́n tì í ní 1990, wọ́n rọra wa ilẹ̀ kúrò lábẹ́ ẹ̀gbẹ́ àríwá, 2001 ni wọ́n tó tún ṣí i.

Tí owó yíyẹ ilẹ̀ bá wọ́n yín lójú, ó kéré tán ẹ bi àwọn àgbà Urhobo tó dàgbà síbẹ̀ ibi tí àbàtà wà kí wọ́n tó kó yanrìn dí i. Ẹ bi ẹni tó gbẹ́ bọ́họ̀ ládùúgbò irú ilẹ̀ tó rí.

Ọmọ mi ọkùnrin ní ká gbé àjà kan lé ilé yìí, pé òun ti ní owó dẹ́kìn nílẹ̀. Mo ní kò ṣeé ṣe. Ó ṣì ń bínú sí mi.