Ẹ Wo Ìdè Irin Náà Kí Ẹ Tó Wo Ìwọ̀n Rẹ̀

Ẹni tí ó bá ti gba Ọ̀kà Àkókó kọjá rí, tí ó sì gbójú sókè wo àwọn àpáta ńláńlá tí àwọn baba wa tẹ ìlú dó sí, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bèèrè ibi tí àwọn ará ìgbà náà ti rí agbára wọn: bí wọ́n bá sọ̀kalẹ̀ lọ sí oko láàárọ̀, wọn yóò ru iṣu gun òkè bọ̀ nírọ̀lẹ́, obìnrin yóò pọn omi láti ìsàlẹ̀ wá, yóò sì tún di ọmọ odó mú kí ilẹ̀ tó ṣú. Lónìí, ọ̀kadà ni ó ń gbé wa gun òkè, ẹ̀rọ ni ó ń fa omi, olùkọ́ jókòó, akọ̀wé jókòó, oníṣòwò ọjà Ìkàrẹ́ náà sì jókòó ti àtẹ rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. N kò bá ìrọ̀rùn jà, nítorí kò sí ẹni tí ìyà wù. Ṣùgbọ́n ara tí kò bá gbé nǹkan mọ́, díẹ̀ díẹ̀ ni agbára ń fi í sílẹ̀, ìdí sì nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sọ nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2020 pé kí ẹni tí ó ti dàgbà máa ṣe iṣẹ́ tí ń mú iṣan le, ó kéré tán, lọ́jọ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe fara mọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ ra kettlebell sílé, irin bìrìkìtì tí ó ní ìdìmú lórí, èyí tí a ń fi ọwọ́ kan tàbí méjèèjì gbé. Àárín àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò ilẹ̀ Rọ́ṣíà ni ó ti ṣẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi í wọn ohun oko; púùdù ni ìwọ̀n wọn ń jẹ́, ó lé díẹ̀ ní kílò 16, òun ni ó sì fà á tí 16, 24 àti 32 fi wọ́pọ̀ lára irin wọ̀nyí títí di òní. Ọ̀dọ́ a máa fi í dán agbára wò lọ́jà, títí tí dókítà kan, Vladislav Kraevsky, fi kó àwọn olùfẹ́ irin gbígbé jọ ní ìlú St. Petersburg ní ọdún 1885.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Irin kílò 8 tí ó tọ́ sí ìyá kò ní tó ọmọkùnrin rẹ̀, èyí tí ó sì tó ọmọ lónìí yóò fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí oṣù bá ti ń gorí oṣù. Bí a bá sì ní kí á ra mẹ́rin tàbí márùn-ún, owó ọkọ̀ tí yóò kó wọn láti Èkó wá sí Ìkàrẹ́ nìkan tó láti lé ènìyàn sá. Irin kan tí a lè fi kún, tí a sì lè dín kù, ni ó bọ́gbọ́n mu fún irú ilé bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé nọ́ńbà tí ó tóbi jùlọ lára páálí ni ọ̀pọ̀ ń wò, wọn kì í wo ohun tí ó de àwọn àwo irin inú rẹ̀ pọ̀.

Ẹ rò ó wò ná: irin tí a ó máa fì láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì lọ sókè títí dé igbá àyà, bí àwo kan bá já lára rẹ̀ lẹ́nu eré, orí ta ni yóò bà? Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ní Amẹ́ríkà, wọ́n pe irin ọwọ́ Bowflex tí a ń yí ìwọ̀n rẹ̀ padà, tí iye rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀, padà lọ́wọ́ àwọn tí ó rà á, nítorí pé àwọn àwo rẹ̀ lè yọ kúrò lára ìdìmú. Dumbbell ni ìyẹn, kì í ṣe kettlebell, ṣùgbọ́n ewu kan náà ni ó ń ṣọ́ àwọn méjèèjì. Kettlebell tí a ń yí kókó orí rẹ̀ láti pààrọ̀ ìwọ̀n dára lójú, kì í sì í gba àkókò; ṣùgbọ́n ike wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, kò ṣeé sọ lu ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, bí eyín ike kan bá sì kán, níbo ni a ó ti rí irú rẹ̀ ní Ayégúnlẹ̀ tàbí Ìwárò, ní Ọ̀kà wa níbí? Èyí tí ó ní bóòtù gbọọrọ láàárín, tí a ń to àwo sí, tí a sì ń fi nọ́ọ̀tì dè, lọ́ra láti yí padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n wẹ́dà Ìkàrẹ́ lè tún un ṣe, gíríìsì díẹ̀ sì tó láti má ṣe jẹ́ kí ó dógùn-ún lásìkò òjò. Òun ni èmi yóò rà.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé e, kí ẹ sì mì í létí. Bí ó bá ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ọwọ́ yín méjèèjì gba ìdìmú rẹ̀, ẹ sì wo bí ó ṣe nípọn tó, nítorí pé nǹkan bí mìlímítà 33 sí 35 ni ìnípọn ìdìmú irin tí àwọn eléré ìdíje ń lò, èyí tí ó bá ki ju bẹ́ẹ̀ lọ yóò sì tètè rẹ ẹni tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kéré. Ẹ gbé e lé ọrùn ọwọ́: bí orí bóòtù bá gún yín níbẹ̀, yóò dá egbò sí yín lára kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Ìdí rẹ̀ gbọdọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fi èyí tí ó fúyẹ́ kọ́ bí ìbàdí ti ń ti irin síwájú tí ẹ̀yìn sì wà ní títọ́, kí ó má sì ṣe sé èémí. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ń ru, kí ó kọ́kọ́ lọ bá dókítà.

Fún ẹni tí owó kò tíì sí lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ẹ̀gì wà. Lítà omi kan, kílò kan ni. Kẹ́ẹ̀gì lítà mẹ́wàá tí a bá bu omi sí dé ìdajì, tí a sì ń fi kún un díẹ̀ díẹ̀, ṣeé gbé láti ilẹ̀, ó sì ṣeé gbé rìn yí àgbàlá ká. Ẹ má kàn ṣe fì í, nítorí pé omi a máa ṣe ségesège nínú rẹ̀, ìdìmú rẹ̀ kò sì lágbára tó. Bákan náà ni ti sìmẹ́ńtì tí àwọn ọ̀dọ́ ń dà sínú garawa ọ̀dà, tí wọ́n ń ki irin bọ̀: ẹ má ṣe gbé e kọjá orí, nítorí pé sìmẹ́ńtì a máa là.

Ọ̀rọ̀ kù fún ẹ̀yin tí ẹ ń tà á. A kì í fi ojú olójú ṣòwò kí á jèrè. Ẹ tú páálí náà fún oníbàárà, ẹ jẹ́ kí ó to àwo, kí ó dì í, kí ó sì gbé e níwájú yín kí ó tó kówó sílẹ̀. Bí ẹ kò bá sì ní nọ́ọ̀tì àfirọ́pò fún un, ẹ sọ fún un lójúkojú.